Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Ń Retí

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà nílé ìwòsàn ìlú náà. Tuntun ni, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó. Ẹni tí yóò lò ó ni kò sí. Nọ́ọ̀sì àgbà tó mọ̀ ọ́n lò ti fẹ̀yìn tì, ó ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú ńlá, bí gbogbo ẹni tó ṣì lágbára ṣe ń lọ. Bí ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ bá ti pé, káfíńtà ìlú náà a gbé ìyàwó rẹ̀, tí àìsàn kíndìnrín ń bá jà, sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń kó pákó, wọn a gba ọ̀nà gbágungbàgun náà, wọn a kọjá lórí afárá, ó di ìlú ńlá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á ti rí bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù.

"Bàbá wọn, ẹ rọra," ni ó máa ń wí bí táyà bá ti kó sí kòtò.

"Èmi ń rọra, ọ̀nà ni kò rọra," ni ọkọ rẹ̀ máa ń dáhùn, àwọn méjèèjì a sì rẹ́rìn-ín.

Ìjọba agbègbè náà ní ètò kan. Nítorí pé ìlú ń tú, wọ́n ń pe àwọn oníṣẹ́ àti àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá gbà láti wá gbé ibẹ̀, tó sì mú iṣẹ́ tàbí okòwò gidi lọ́wọ́, wọn yóò fún un ní ìwé ìgbélùú. Ọkùnrin kan ti tipa bẹ́ẹ̀ wá ṣí ilé búrẹ́dì, ìwé tiẹ̀ kò sì pẹ́ rárá. Káfíńtà ló kan gbogbo pákó ìpàtẹ rẹ̀. Ètò yìí kan náà ni dókítà ilé ìwòsàn fi rí nọ́ọ̀sì tó mọ ẹ̀rọ náà lò.

"Wọ́n ti yàn án, Bàbá," ni dókítà wí. "Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ló kù."

"Kó kúkú máa bọ̀. Ìwé á bá a níbí."

"Bó bá fọwọ́ kan aláìsàn kan ṣoṣo kí ìwé yẹn tó jáde, wọ́n á dá òun àti ẹbí rẹ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti wá."

"Ṣé ibẹ̀ jìn ni?"

Dókítà bojú wolẹ̀. "Ìwé ló kù, Bàbá."

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà kò yéé yà béèrè. Ìyàwó awakọ̀ bọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń nulẹ̀ nílé ìwòsàn, ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Àlejò ni òun àti ọkọ rẹ̀ nílùú náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò gbé igi ìnulẹ̀ ti ògiri, yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò béèrè bí Màmá ṣe sùn, bóyá ẹsẹ̀ wọn ṣì ń wú. Káfíńtà fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé ọmọ náà mọ ilé tọ́jú, pé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò pàápàá, ojoojúmọ́ ló ń ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò tó ń nù ún.

Káfíńtà bá a ṣe àwàdà lọ́jọ́ kan. "Ìwọ tí o máa ń wà níbí láti àárọ̀, o ò gbúròó nọ́ọ̀sì wa?"

"Ó ń retí, Bàbá," ni obìnrin náà wí. "Òun náà ń retí."

"Bí àwa bá ń retí ẹ̀, tí òun náà ń retí, ta ló wá ń bọ̀?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà mú igi ìnulẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí àgbàrá gbé afárá lọ, ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ ni. Káfíńtà dúró létí omi, ó ń wo òdìkejì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún. Nígbà tó fi máa yí padà dé ilé ìwòsàn, ojú ìyàwó rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ ń já. Ó gbé e wọlé mọ́ àyà.

Dókítà ti wà lórí fóònù. "Òní nìkan," ni ó ń wí. "Mo ní kí ẹ fún wa láṣẹ fún òní nìkan." Ọ̀gá tó ń buwọ́ lu irú ìyẹn kò wá síbi iṣẹ́. Ó tún pè. Wọ́n fi orin sí i létí.

"Dókítà, ẹ̀rọ náà rèé! Ẹ tàn án!"

"Mi ò kọ́ ọ, Bàbá. Bí mo bá ṣì í ṣe, ọwọ́ mi ni Màmá máa kú sí."

Obìnrin tó ń nulẹ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ náà. Ó ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e. Dókítà wò ó, ó mi orí. Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Káfíńtà rò pé ó fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà kúrò lọ́nà fún àwọn ni.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ ò palẹ̀ pákó mọ́ kí òjò tó dé."

"Màá palẹ̀ wọn mọ́," ni ó wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó káfíńtà ti dákẹ́.

Wọ́n sin ín. Wọ́n tún afárá ṣe. Lẹ́yìn náà ni dókítà ránṣẹ́ sí káfíńtà pé kó kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún yàrá ẹ̀rọ, pé ìwé nọ́ọ̀sì ti jáde. Ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́, ó sì wu ú láti rí ojú ẹni náà, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀nà ṣe jìn tó tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn án, ó gbé e wá, ó dè é mọ́ ògiri.

"Ó jọ pé ó ga jù," ni ó sọ fún dókítà. "Ẹ pè é kó wá na ọwọ́ sí i, ká mọ̀ bóyá á tó o."

Ilẹ̀kùn ṣí, ìyàwó awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì wọlé nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó na ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, kò sì lè wo ojú Bàbá.