Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Bá Ìṣirò Mu

Obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan fi ọwọ́ gbá tábìlì nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Abraham Adésànyà. Ìṣirò tó fi ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tún DNA tó bà jẹ́ ṣe bá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí rẹ̀ mu, àfi ti ẹnì kan. Sẹ́ẹ̀lì onítọ̀hún kò tún ohunkóhun ṣe.

Ó pe Ràhmát tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù lórí fóònù. "O ti ba ẹ̀jẹ̀ yẹn jẹ́!"

"Rárá, mà. Mo tún un yẹ̀ wò. Bákan náà ni."

"Ó ti sú mi! Pe ẹni tó ni ín, kó wá fún wa ní òmíràn."

Ràhmát wo orúkọ tó wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀ náà. "Ẹ̀yin náà fún wa lẹ́jẹ̀, mà. Tiyín ni."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bíi pé ti ẹlòmíràn ni.