Ìdọ̀bálẹ̀ Lójú Yìnyín

Yìnyín tún bo Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀, ẹ̀rọ akóyìnyín sì ń bú ramúramù bọ̀ láti Tákìé. Kò ní awakọ̀. Ẹni tó bá dúró nìkan ló mọ̀ léèyàn. Ohun tó bá nà sílẹ̀, yìnyín ni lójú rẹ̀.

Ìyàndá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú títì níwájú Làmídì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí Ìyàndá fi ṣọ́bìrì gbá lẹ́nu lánàá nígbà tí wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò kó yìnyín ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"Eyín mi tó já ńkọ́? Ṣé àforíjì ló máa gbìn ín padà?"

"Ẹ̀rọ ń bọ̀ o! Ẹ ní kí n dìde."

"N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá dìde fúnra rẹ, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láyé."

Làmídì rò pé yóò sá. Ìyàndá kò mira.

"Dìde! Ìyàndá, dìde!"

Làmídì fò síwájú ẹ̀rọ, ó dúró gbọin. Ẹ̀rọ náà dúró, ṣùgbọ́n irin iwájú rẹ̀ ti rún ẹsẹ̀ Ìyàndá dé orúnkún, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ́ yìnyín.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyàndá wí, "ṣé ẹ ti foríjì mí báyìí?"