Òfin Kẹta ní Òkè Mapo

Àárọ̀ ọjọ́ tí Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ gun òkè Mapo lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìdílé, Olúyẹmí akọ̀wé ṣì ń fi búrẹ́dì jẹ àkàrà. Ìyá náà ní òun ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba. Ọkọ òun, Sàláúdéènì, tó ń rán fìlà tẹ́lẹ̀, kò ríran dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a jà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ìrànwọ́ ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù. Oògùn yẹn ló tìtorí rẹ̀ wá.

"Ṣé ẹ bímọ, Ìyá?"

"Ẹyọ kan. Ishaq. Ó rìnrìn àjò, ó gba ọ̀nà Líbíà."

"Ó ń fowó ránṣẹ́?"

"Rárá."

Olúyẹmí nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó na ìka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Òfin kẹta ló ń tọ́ka sí: arúgbó tó bá ní ọmọ tó ti dàgbà, tó sì wà láàyè, kò lè wọ ìwé, àfi tó bá gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ Lèmọ́mù tàbí pásítọ̀ pé ọmọ náà ti kú.

"Kò le, Ìyá. Bàbá kan mú lẹ́tà ikú ọmọ rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọ̀hún gan-an ló fi ọ̀kadà gbé e wá." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ bá Lèmọ́mù yín."

Àtọ́kẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Kí n pa ọmọ mi nítorí oògùn?"

"Lórí ìwé lásán ni."

"Ibi yòówù kó jẹ́." Ó gbé igbá ọṣẹ rẹ̀ rù. "Òfin yín ni kẹ́ ẹ pa rẹ́."

Olúyẹmí fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá náà padà dé pẹ̀lú obìnrin méjì láti Àrẹ̀mọ. Ọmọ ọ̀kan ti sá nílé láti ọdún mẹ́jọ, ọmọ èkejì wà lẹ́wọ̀n. Láàyè làwọn méjèèjì wà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wọ́n ti ju ogójì lọ, oníhíjáàbù àti aláṣọ funfun, láti Bẹẹrẹ títí dé Pópó Yemọja. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

"Ìyá Òfin Kẹta ti dé o! Ẹ ti ilẹ̀kùn!" Báyìí làwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo.

"Ẹ tì í dáadáa o," Àtọ́kẹ́ á dáhùn. "Ẹ̀yin náà á darúgbó, ẹ ó sì bá a ní títì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Olúyẹmí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń mú un káàkiri fún àwọn tó lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Àtọ́kẹ́ pẹ́ kó tó dé. Oògùn ọkọ rẹ̀ ti tán, ọkọ náà ti ṣubú lẹ́yìnkùlé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Olúyẹmí fa Àtọ́kẹ́ sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá, mo mọ ààfáà kan tó lè kọ lẹ́tà yẹn lónìí. Lọ́la, Bàbá á rí oògùn lò."

Ìyá náà mirí. "Bàbá Ishaq á gbọ́."

"Kí ló kàn án? Bàbá ṣáà mọ̀ pé ọmọ yín wà láàyè."

Àtọ́kẹ́ wò ó, ó gbójú kúrò. "Ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ni kó o bá mi kọ parí, ọmọ mi. Má bá mi kọ ìyẹn."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìrànwọ́ pè wọ́n, alága bi Àtọ́kẹ́ léèrè pé kí ló dé tí ọmọ tó bí kò tọ́jú rẹ̀.

"Sà, ẹ wò wá bá a ṣe jókòó yìí," Àtọ́kẹ́ ní. "Tí a bá ní ọmọ wa ti kú, ẹ ó fún wa ní oògùn. Tí a bá ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó kú, ẹ ó ní ká máa lọ. Ṣé òfin nìyẹn?"

Alága kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n yọ òfin kẹta kúrò.

Olúyẹmí fúnra rẹ̀ ló gbé káàdì àti oògùn lọ sí agbo ilé wọn ní Beyerunka, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Sàláúdéènì wà lórí ẹní. Ó fọwọ́ pa káàdì náà lójú bí ẹni ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Ọlọ́run á mú Ishaq bọ̀," ó ní, "kó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Àmín," ni Àtọ́kẹ́ wí láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì jáde lọ ra omi tútù fún àlejò.

Bàbá náà tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi jìnnà. Ó wá di ọwọ́ Olúyẹmí mú.

"Ṣé wọn ò ní béèrè ọmọ wa lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ó ti parí."

"Zakariyya tóun àti Ishaq jọ lọ ti padà dé láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ní inú aṣálẹ̀ lòun sin Ishaq sí." Ó fi ọwọ́ nu ètè rẹ̀ tó wọ́. "Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ìyá Ishaq. Gbogbo bó ṣe ń gun òkè yẹn, mo mọ̀ pé gbólóhùn kan látẹnu mi ló lè dá a dúró. N ò lè sọ ọ́, ọmọ mi. Tó bá gbọ́, á kú."

Omi dé. Olúyẹmí mu ún tán láìwo ojú ẹni tó gbé e fún un.

Àtọ́kẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé, ó wẹ̀yìn wò bóyá ọkọ òun lè gbọ́, ó wá rọra ní, "O ṣé tó ò dárúkọ lẹ́tà yẹn níwájú bàbá. Láti ọjọ́ tí Zakariyya ti wá bá mi ní ìsọ̀ pé Ishaq ti kú, n ò tíì rí ẹnu sọ fún un."