Ẹni Tó Kù Sínú Àwòrán

Ọ̀gá wọn, Àǹtí Ṣubúọlá, kì í gbà kí wọ́n ya àwòrán kọ̀ǹpútà orí ayélujára wọn pamọ́, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ lásìkò náà, láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn ti jáde nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, "Gbénró, ṣé ó ku ẹnikẹ́ni?"

"Kò ku ẹnìkan, mà."

Ara rẹ̀, tó ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ni kò rántí kà mọ́ wọn.

Nírọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà náà dàrú, ni Gbénró bá dá a padà sí bó ṣe wà nínú àwòrán ọ̀sán. Ọ́fíìsì ti dá páropáro. Ó wá ń gbọ́ tí ẹnìkan ń tẹ bọ́tìnnì wéréwéré, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tirẹ̀ wà lórí itan. Ọ̀rọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Ta ló wà níta?"

Ó kọ ọ́ pé, "Gbénró ni."

Bọ́tìnnì tún dún.

"Irọ́ ni. Gbénró kò tíì jáde."