Kíka Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀

Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni wọ́n gba Mùnírátù fún ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Igbó-Ọrà, lọ́dún 1972, lẹ́yìn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ módà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìgbálẹ̀ mú mọ́. Ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí ni Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ọ̀gá rẹ̀, ń mú un jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mùnírátù á ti dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pa sábẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀gá á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Ó tóbi, sà. Kóró inú rẹ̀ pín sí mẹ́ta."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Ó kéré, ó rí roboto. Kóró inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un tán."

Bí wọ́n ṣe ń ya àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá àrùn jà, sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, Dókítà Adéníran mú ọ̀nà tuntun wá láti Ìbàdàn: kí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ àgùntàn mọ́ ti ènìyàn. Nínú àwọn roboto wọ̀nyẹn, àwọn kan á kó ẹ̀jẹ̀ àgùntàn mọ́ra bí àgbébọ̀ tó kó ọmọ sábẹ́ ìyẹ́, àwọn kan á dá dúró; wọ́n á wá ka iye oríṣi kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Bó bá rẹ Mùnírátù, tó ní, "Sà, ẹ wá wò ó fúnra yín," èsì kan náà ni ọ̀gá ń fún un.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Kò jẹ́ kó jáde lọ jẹun. Bí iṣẹ́ bá parí, á ní kó gbé báàgì òun, ọwọ́ rẹ̀ á sì wúwo léjìká ọmọbìnrin náà títí wọ́n á fi dé ojú títì.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ti gba Mùnírátù. Ìyọ̀ǹda ọ̀gá rẹ̀ ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé ìwé ìyọ̀ǹda náà fún un kó fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá tì í sínú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, dókítà dé, ó gbóríyìn fún ọ̀gá. "Bàbá Ọmọ́ṣọlá, kò sẹ́ni tó ń kà á péye tó yín, kódà ní gbogbo Ìbàdàn."

Mùnírátù dúró títí dókítà fi lọ.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé."

"Bó o bá lọ, ta ni yóò ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, sà."

"O ò lọ síbì kankan."

Ọ̀nà kan ló kù lójú Mùnírátù: kó mú ọ̀gá bínú débi tí yóò fi lé e. Ẹni tí wọ́n lé kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé, ó nu ẹ̀rọ, ó yí i kọjú sí àga ọ̀gá.

"Ẹ̀yin lẹ ó kà á lónìí, sà. Èmi ó máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó ń retí ariwo. Ọ̀gá kò pariwo. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbé ojú lé ẹ̀rọ. Ìka rẹ̀ ń yí bọ́tìnì ẹ̀rọ náà lọ, ó ń yí i bọ̀, jẹ́jẹ́.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kó ẹ̀jẹ̀ àgùntàn mọ́ra, méjìlélọ́gọ́ta. Àwọn tó dá dúró, méjìdínlógójì. Ó mọ́ kedere."

Mùnírátù kò kọ nǹkan kan, nítorí inú àpò aṣọ rẹ̀ ni dígí tí ọ̀gá ń kà náà wà láti àárọ̀.