Kọ́nà Kẹta

Inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí olùkọ́ awakọ̀ kan bí kú sí. Ẹ̀fúùfù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀rẹ́ náà, òun ló sì wà nídìí ọkọ̀. Ó fẹ́ fi eré gba kọ́nà kan tí kò gba eré, igi ló dá wọn dúró. Egbò kékeré kan níwájú orí ni òun fi jáde. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dádì, ọ̀nà yẹn ló burú."

Olùkọ́ ní, "Mo gbọ́."

Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í retí ohun tí bàbá náà máa ṣe. Ohun tó ṣe kò sì yé ẹnikẹ́ni: ó ránṣẹ́ pe Ẹ̀fúùfù pé kó máa wá bá òun gbá géèmù lọ́sàn-án Sátidé.

Ọmọ náà ló fi ẹ̀rọ géèmù ọ̀hún sílẹ̀. Ìje mọ́tò ni, irú èyí tó fara jọ ti gidi débi pé táyà á máa jẹ, òjò á máa rọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n bá wà níwàkuwà á sì yí dànù. Ó ní sítíárìn tí wọ́n ń dè mọ́ tábìlì, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti ya pápá ìje tó wà lẹ́yìn ìlú sínú rẹ̀, títí dórí ògiri kọnkéré tó wà ní kọ́nà kẹta. Nígbà ayé ọmọ náà, ògiri yẹn ni ìrìn àjò Ẹ̀fúùfù máa ń parí sí. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Á ní, "Ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́, ara ẹ lò ń dà rú!"

Ní Sátidé àkọ́kọ́, kí àlejò tó dé, olùkọ́ ti tan ẹ̀rọ, ó ti ṣa ọkọ̀ fún un, ó sì ti tún gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀ tò.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Dádì."

"Àlejò kì í gbálẹ̀ fún onílé. Jókòó."

Ẹ̀fúùfù jókòó, ó tẹná mọ́ ọkọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé kọ́nà kẹta, ó ti ń fún ojú pọ̀ de ògiri. Ọkọ̀ rọra tẹ̀ba, ó yí, ó kọjá. Ó gbójú sókè, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Dádì! Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ. Ọwọ́ ẹ ti mọ́ra."

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í na olùkọ́. Àbúrò olùkọ́, obìnrin tó ń wá se oúnjẹ fún un láti ọjọ́ ìsìnkú, kì í lè pa á mọ́ra.

"Bọ̀dá mi, ẹni tó pa ọmọ yín lẹ ń bá ṣeré, ẹ sì tún ń jẹ́ kó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yín. Ọjọ́ wo lẹ máa wá nà án?"

"Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀bọ á ṣe bí ọ̀bọ."

"Ọ̀bọ wo? Ọ̀bọ ti jẹun yó, ó ti ń fi ìrù nu ẹnu!"

Olùkọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó lọ síbi iṣẹ́. Bíréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ tó fi ń kọ́ èèyàn, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé, òun á rọra tẹ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fura. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa yan bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n wà. Nítorí náà, kí wọ́n tó lọ ṣe ìdánwò, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí olúkúlùkù lè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ń wá awakọ̀ tuntun ní pápá ìje. Ọ̀gá ibẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ rí. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló lọ bá a sọ̀rọ̀ Ẹ̀fúùfù.

"Ṣé ó mọ pápá wa, ọ̀gá?"

"Bí ẹní mowó. Kò sí Sátidé tí kì í nà mí níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ yín ti tó."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ dá ọkọ̀ ìje gidi wà ní pápá náà, òjò ń ṣú. Ẹ̀fúùfù yà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ti wá fojú ara yín rí i báyìí, àbí? Kì í ṣe ẹ̀bi mi níjọ́ yẹn."

Abọ́ dún gbàù nílé ìdáná. Olùkọ́ kò yíjú síbẹ̀.

"Mo ti rí i," ló wí.

"Ẹ wúre fún mi."

"Bí o ṣe mọ ọkọ̀ wà tó ni kó bá ọ débi tí ò ń lọ."

"Àmín o! Ẹ ò ní wá wò mí?"

"Màá jókòó sílé."

Ẹ̀fúùfù ń súfèé lọ. Àbúrò jáde pẹ̀lú omijé lójú. "Ẹ ti dárí jì í nìyẹn, Bọ̀dá mi. Ọkàn yín tóbi ju tèmi lọ."

Olùkọ́ wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó ṣí abẹ́ orúkọ Ẹ̀fúùfù, ó sì pa ìrànlọ́wọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti tàn síbẹ̀ láti Sátidé àkọ́kọ́, èyí tó máa ń tẹ bíréèkì fún awakọ̀ tó bá gbàgbé.