Pijó Àtijọ́ ní Gbàǹjo

"Fi kún un!" ni ìyá aláṣọ wí sínú fóònù láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jà Adjamé.

Ràhímù alágbàtà wà níbi gbàǹjo mọ́tò nítòsí èbúté. Ó ní, "Àlàájà, ẹnìkan tún ti borí wa. Pijó yìí ti gbó jù. Ẹ jẹ́ n bá yín ra òmíràn."

"Òun gan-an ni mo fẹ́."

Kò sọ fún un pé ọkọ òun ló ni mọ́tò náà kí àìsàn tó mú wọn tà á. Láti ìgbà tí bàbá náà ti kú, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àrìmíyàù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, bínú kúrò nílé lọ́jọ́ àdúrà ogójì, kò sì pe ìyá rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, agbára ìyá ò gbé iye náà mọ́. Wọ́n ta mọ́tò náà fún ẹlòmíràn.

"Ràhímù, jọ̀ọ́, bá mi bẹ ẹni tó rà á. Kó jẹ́ n jókòó nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó gbọ́ tí Ràhímù ń bẹ ẹnìkan. Ràhímù wá ní, "Àlàájà, ọmọ Yorùbá ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

"Àlò? Tántì, ẹ má bínú. Mọ́tò bàbá mi ni."

Ìyá jókòó sórí òkìtì aṣọ.

"Àrìmíyàù," ló wí.

Ó ń gbọ́ mímí ọmọ rẹ̀ láàárín ariwo èbúté. Kò sẹ́ni tó pa fóònù.